Ta Ló Ní Ká Ṣọ̀rẹ́?

Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ kan lò pọ̀ ní agbègbè wa, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ọmọ náà ti jẹun, òwe ti délé. "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Àgbà kan ni yóò sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn tó jókòó yóò sì máa mi orí. Mo ti gbọ́ ọ ní Ajíbọ́dẹ ní Ìbàdàn, mo ti gbọ́ ọ ní Ṣáṣá, mo ti gbọ́ ọ ní àwọn abúlé olóko tó wà lẹ́yìn Mọníyà, níbi tó jẹ́ pé ọkadà nìkan ló ń wọ̀ ọ́ bí òjò bá ti rọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá onílé, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu àfáà, àti lẹ́nu ìyá ọmọ gan-an nígbà mìíràn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé, ẹ tilẹ̀kùn, kí àjèjì má dá sí i.

Àwa ni àjèjì náà. Àwa tí a yọ̀ǹda ara wa fún ẹgbẹ́ tó ń dúró ti àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí a kì í gba owó oṣù, tí a máa ń dìde lóru bí fóònù bá dún, orúkọ tí wọ́n fún wa ni atojúbọ̀. Wọ́n ní a ń da ilé onílé rú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí kò kan ará ìta. Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé àwọn tó kàwé tó ga, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tó múlé gbè wá, ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ sí i mọ́. Mo fẹ́ bá èrò náà jà. Ohun tí mo ní í sọ ni pé àjèjì gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, nítorí pé àjèjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń yanjú rẹ̀ nínú ilé, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń bá jà. Mo ti yí gbogbo ohun tó lè mú kí ẹ dá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ mọ̀ padà. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń yan gàrí. Ọkùnrin tó bà á jẹ́ ló ni ilẹ̀ tí ìyá ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Òun náà ló san owó ilé ìwé ọmọ ní táàmù tó kọjá. Ọjọ́rú ló ṣẹlẹ̀. Ìyá gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sunkún, ó gbé omi kaná, ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ wẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó fọ aṣọ tó wọ̀, ó sì sá a sórí okùn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó wá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ, ìyẹn ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé jókòó. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n bú u, wọ́n ní kó mú owó wá, wọ́n gba àpò ìrẹsì kan mọ́ ọn. Wọ́n pe ọmọ jáde láti inú yàrá, wọ́n ní kó sọ pé òun ti dárí jì í. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n pín mínírà, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ti tún nǹkan ṣe.

Láti alẹ́ Ọjọ́rú sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ju wákàtí 90 lọ. Oògùn tí wọ́n ń fún ènìyàn kí kòkòrò HIV tó bá wọ ara rẹ̀ má bàa fìdí múlẹ̀, inú wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bó bá sì ṣe yá sí ni ó ṣe dára sí. Ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó tán. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dé lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ní àsìkò tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì, kò yẹ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún irú àrùn ẹ̀dọ̀ tí ènìyàn lè kó nípa bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí dókítà lè rí ní ara ọmọ, tí ó lè fi jẹ́rìí, omi gbígbóná ti wẹ̀ ẹ́ dànù. Aṣọ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọ̀, tó yẹ kí wọ́n ká sínú àpò bébà, ti gbẹ lórí okùn. Inú bébà ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú náílọ́ọ̀nù, nítorí pé aṣọ tó bá tutù nínú náílọ́ọ̀nù yóò bu, ẹ̀rí inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ awo nínú gbogbo èyí. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó jókòó ní ìpàdé yẹn, kò sí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta.

Ìpàdé ẹbí lè dúró di ọjọ́ Àìkú. Ara ọmọ kò lè dúró. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyí, pé kí wọ́n máa pe ìdádúró ní ọgbọ́n, kí wọ́n máa pe ìyára wa ní ìdàrúdàpọ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi "fara balẹ̀", ẹnì kan ṣoṣo ni ọjọ́ náà ń ṣe lóore, ẹni tó ṣe é sì ni.

Bí wọ́n bá tètè jẹ́ ká gbọ́, ohun tí a máa ń ṣe kò ní ariwo nínú rárá. Ìró kan, sálúbàtà kan, aṣọ tí ọmọ lè wọ̀ padà sílé, àpò bébà ńlá, bíírò àti ìwé kékeré: ẹrù wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkadà yóò gbé wa dé Ọ̀jọ́ọ̀, a ó wá ya takisí Micra kan sọ́tọ̀ títí dé ilé ìwòsàn kí ọmọ má bàa há mọ́ àárín àwọn ọkùnrin nínú mọ́tò. Nígbà tí a bá dé ibẹ̀, a ó lọ bá nọ́ọ̀sì ní ìkọ̀kọ̀ kí ìyá má bàa máa ṣàlàyé lójú gbogbo èrò. A ó kọ aago tí a dé sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká lọ, ká padà wá lọ́la, a ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ọ̀la yóò ti pẹ́ jù, a ó sì jókòó. Kí dókítà tó fọwọ́ kan ọmọ, a ó ti sọ fún un pé wọn yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé bó bá ní "ẹ dúró ná", wọn yóò dúró. Ẹ wo ojú ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe oògùn nìkan la bá lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan yóò ní nọ́ọ̀sì àti dókítà ti tó, kí ni ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ń wá níbẹ̀? Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, Rebecca Campbell, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2006. Ó wo ilé ìwòsàn méjì. Ní ọ̀kan, ẹgbẹ́ máa ń rán ènìyàn wá láti dúró ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ní èkejì, kò sí irú rẹ̀. Níbi tí ẹni tó dúró tì wọ́n wà, àwọn ọlọ́pàá gba ẹ̀sùn wọn sílẹ̀ ju ti ibi tí kò sí lọ, wọn kò jágbe mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí oògùn tó yẹ gbà ju ti àwọn èkejì lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ilé ìwòsàn ti pọ̀, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ti abúlé bí Alábàtà tàbí Arúlógùn wá, tí kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé?

Ẹ ní àṣà wa kò gba àjèjì láàyè nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn baba wa bá ń fẹ́ ìyàwó, tí kò sí ohun tó kan ẹbí jù ú lọ, alárenà ni wọ́n máa ń fi sáàárín. Alárenà ni yóò wádìí bóyá gbèsè wà, bóyá àrùn wà, bóyá ìjà wà nínú ilé náà. Wọn kò rán ìyá ọkọ, wọn kò rán bàbá ìyàwó, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní nǹkan jẹ níbẹ̀ kò lè sọ gbogbo òtítọ́. Ọgbọ́n tí a fi ń wá ìyàwó ni mo ní ká fi dáàbò bo ọmọ.

Ẹ padà wo ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn. Ta ló lè sọ òtítọ́ níbẹ̀? Ìyá kò lè sọ ọ́, orí ilẹ̀ ọkùnrin náà ló ti ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n bàbá kò lè sọ ọ́, torí bí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò kó ẹrù wá. Pásítọ̀ kò lè sọ ọ́, ọkùnrin náà ló ra jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́, wọ́n ti jẹ́ kó mọ̀ pé owó ilé ìwé rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó fẹ̀sùn kàn. Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò jẹ ọkùnrin náà ní oore nínú wọn, ẹnu tó sì ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Èmi kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Mi ò ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò ní retí ìjókòó iwájú níbi òkú ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìgba owó, apá kan ìdáhùn mi nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè fi oúnjẹ ẹnu mi dẹ́rù bà mí kí n lè dákẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé orí àpò ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń gba owó ìtanràn ni kò mọ̀ pé òun náà ti dáràn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tó bá gba owó tàbí ohunkóhun kí ó lè bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹjọ́ rẹ̀ má bàa dé kóòtù, ti ṣẹ̀ sófin, bí ọ̀ràn náà bá sì jẹ́ èyí tó ní ẹ̀wọ̀n gbére nínú, ẹni tó gba nǹkan yẹn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura. Ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà ìfipábánilòpọ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 láti fòpin sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tún fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú: ó gbà pé wọ́n lè fipá bá ọkùnrin àti ọmọkùnrin náà lò pọ̀, ó sì sọ ìtọ́jú, ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò di ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pè wá ní arúfin abúlé, mo máa ń fẹ́ béèrè ẹni tó ń rú òfin gan-an láàrin àwa àti àwọn tó pín ìrẹsì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń pa òwe yẹn rántí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ wa, Akínyẹlé, gbọ̀n. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n pa obìnrin kan lẹ́yìn òmíràn nínú ilé tàbí nítòsí ilé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 18 wà lára wọn. Àwọn ọ̀dọ́ jáde, àwọn obìnrin jáde, wọ́n gbé páálí lọ́wọ́. Oṣù yẹn kan náà ni àwọn gómìnà Nàìjíríà kéde pé ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá sí obìnrin ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní gbogbo àsìkò náà, mi ò gbọ́ kí àgbà kankan sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ gba àpò ìrẹsì. Kí ló fà á? Wọ́n gbà pé àjèjì ló ṣe é, ẹni tó ti inú igbó jáde. Ìgbà tó bá jẹ́ pé ẹni tiwa ló ṣe é, tí a mọ ilé bàbá rẹ̀, tí a jọ ń kí ara wa láàárọ̀, ni òwe máa ń jáde. Ẹ má tún sọ fún mi pé àlàáfíà ni òwe yẹn ń wá. Bó bá jẹ́ àlàáfíà ni, à bá ti gbọ́ ọ ní oṣù kẹfà yẹn. Ẹni tí a mọ̀ ló ń dáàbò bò.

Ẹni tí a mọ̀ yìí náà ló sì ń ṣe é jù. Kò sì ṣọ̀wọ́n: ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ilẹ̀ wa ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́rin àti ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n ti hu irú ìwà ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Nínú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà. Ẹ ka iye ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì kan ní ilé ìwé tó wà ní àdúgbò yín, kí ẹ pín in sí mẹ́rin.

Wọ́n tún ní owó òyìnbó la ń jẹ, pé àwọn òyìnbó ló kó irú ẹgbẹ́ yìí wá. Mi ò ní sẹ́ ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Itoro Eze-Anaba dá Mirabel Centre sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà ní ọdún 2013, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ láti ìgbà náà. Èwo ló burú nínú ìyẹn? Lábẹ́ ìjọba òyìnbó ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn UCH fún wa, kò sì sẹ́ni tó kọ̀ láti gbé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn òyìnbó náà kò bí irú ẹgbẹ́ yìí látinú àpò ìjọba. Ní Kalifọ́níà ní ọdún 1971, ní Washington ní 1972, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976, àwọn obìnrin àdúgbò ló dìde fúnra wọn, tí wọ́n ń gba fóònù lóru láìgba owó, nítorí pé inú bí wọn sí ohun tí àwọn ọlọ́pàá àti dókítà ìlú wọn ń ṣe sí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè wọ́n nígbà náà kò jìnnà sí atojúbọ̀.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá lélẹ̀ sí òyìnbó, kó wo ohun tí WARIF ń ṣe ní Èkó, ẹgbẹ́ tí Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní àwọn ìgbèríko, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ṣe ń mọ ọmọ tí wọ́n ti bà jẹ́, bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, àti ibi tí a ó gbé e lọ. Agbẹ̀bí kan náà tí ìyá yóò sá tọ̀ lóru ló ti mọ ohun tó kàn. Mo máa ń ro èyí bí mo bá ń wo àwọn abúlé wa láti Mọníyà lọ sí òpópónà Ọ̀yọ́. Àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì wà níbẹ̀. Àwọn ni ọmọ yóò kọ́kọ́ bá pàdé, kì í ṣe èmi tí mo ní láti wọ mọ́tò méjì.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n fi ń kàn wá tí mi ò ní bá wọn jiyàn lé lórí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ṣàánú. Wọn yóò fi nǹkan dúdú bo ojú ọmọ nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé rẹ̀ hàn, ògiri ilé wọn hàn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní abúlé. Àwọn kan máa ń wàásù fún ẹni tó ń sunkún. Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀, kí ló dé tí kò pariwo, bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń mú kí ara kú, kí ohùn má jáde rárá. Irú wọn ti ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì ti fún àwọn onítìlẹ̀kùn ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí dókítà kan bá ṣi abẹ́rẹ́ gún, a kì í torí rẹ̀ ti ilé ìwòsàn pa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá wá bá yín bóyá wọ́n ti kọ́ àwọn ènìyàn wọn, bóyá wọ́n ń ya fọ́tò, ibi tí wọ́n ń kó ìwé wọn pa mọ́ sí, ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun bí wọ́n bá ṣìṣe. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn, ẹ lé wọn. Èmi náà yóò bá yín lé wọn.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ kóòtù fúnra rẹ̀, níbi tí òwe ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé bí àwa bá ti dé, ọlọ́pàá ti dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, òun ni yóò sọ bóyá òun fẹ́ ẹjọ́ tàbí òun kò fẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti sọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ fún un, kí a sì dúró tì í bó ti wù kó yàn. Wọ́n ti fi ipá mú un lẹ́ẹ̀kan, a kò tún gbọ́dọ̀ fi ipá mú un lọ sí kóòtù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bá lọ sí ilé ìwòsàn kò dé iwájú adájọ́ rárá, wọ́n gba oògùn wọn, wọ́n bá ẹni tó mọ̀ nípa ìbànújẹ́ ọkàn sọ̀rọ̀, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ti ọmọdé yàtọ̀, torí pé ọmọdé kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, ẹni tó bà á jẹ́ sì lè tún padà wá lọ́la, tàbí kó lọ bá àbúrò rẹ̀. Nípa ti ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni, a ń wá ọlọ́pàá, a ń wá agbẹjọ́rò, a kò sì ní tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, kí ni ìtumọ̀ òwe yẹn níbí? Àwọn tó pa á níjọ́sí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni méjì tí wọ́n ń jà sí ààlà ilẹ̀, tàbí ẹni tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó. Wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tún padà jẹ́ ọ̀rẹ́. Ta ló ní ọ̀rẹ́ ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti ọkùnrin tó bà á jẹ́? Ta ló ní ó yẹ kí wọ́n di ọ̀rẹ́? Ọmọ náà kò bá a ṣọ̀rẹ́ rí, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí kí ìpàdé ìdílé lè parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó sì ń béèrè pé ta ni yóò fẹ́ ẹ bí ọ̀rọ̀ bá dé ìta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yè ná. Ẹ jẹ́ kó lo oògùn fún ọjọ́ 28. Ẹ jẹ́ kó padà sí ilé ìwé láìgba ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà kọjá.

Mo ti sọ èyí fún àwọn lánlọ́ọ̀dù ní àdúgbò wa, mo tún ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ onílé láti Ajíbọ́dẹ dé Ọ̀jọ́ọ̀: mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Ẹ yan obìnrin méjì tí àwọn ọmọ àdúgbò kì í bẹ̀rù, kí ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè wà lára ògiri kẹ́míìsì, ní ilé ìwé, ní ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé yín ti ń pọn omi. Ẹ bá ọlọ́kadà kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sọ̀rọ̀, kó mọ̀ pé bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé lóru, kó gbé wọn láìbéèrè ohunkóhun, owó rẹ̀ yóò dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́la. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn náà, ẹ pè é. Kí ọmọ ti kọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn dé.

Àwọn tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí a ń wá. A kò béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè ṣe é dáadáa ju ẹni tó gba oyè lọ. Ọkùnrin náà lè ṣe é, torí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bà jẹ́ ń bẹ láàrin wa, wọn kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó jókòó púpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò lé oorun lọ lójú yín, ẹ kò sì ní lè sọ ọ́ fún ọkọ yín tàbí aya yín bí ẹ bá délé. Ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ nìkan ni a kò ní gbà.